Bí A Ṣe Ń Yan Irin fún Páìpù Gáàsì Tó Ní Omi àti H₂S

Ẹ káàbọ̀. Irin páìpù tí yóò máa kó gáàsì láti orí kànga epo ni a fẹ́ yàn. Ìwé àyẹ̀wò gáàsì náà ló wà lójú fídíò yìí. Ẹ má tíì béèrè iye owó irin kankan títí a ó fi kà á tán.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìlà H₂S, ìyẹn gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní hydrogen sulfide: 0.1%. Ìdá yìí nìkan kò tó, ìfúnpá H₂S fúnra rẹ̀ ni a ń wá. Ìfúnpá inú páìpù jẹ́ 80 bar, ìyẹn 8,000 kPa. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀ jẹ́ 8 kPa. ISO 15156, ìlànà àgbáyé lórí irin tó bá máa kan H₂S, tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní NACE MR0175, ní kí a ṣọ́ra fún irin lásán láti 0.3 kPa sókè. Ìpẹtà máa ń jẹ irin díẹ̀díẹ̀, a sì lè máa wọn ibi tó jẹ dé, ṣùgbọ́n háídírójìn tó bá ti ara H₂S wọ inú irin líle lè mú kí páìpù tó nípọn dáadáa sán bí ìkòkò láìsí ìkìlọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kashagan, ibi tí wọ́n ti ń wa epo lórílẹ̀-èdè Kazakhstan, nìyẹn ní ọdún 2013. Ọdún 2016 ni iṣẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti pààrọ̀ àwọn páìpù náà.

Ẹ wá wo iyọ̀ àti ooru. Kulóráìdì pọ̀ nínú omi yìí, ooru sì jẹ́ 110°C, nítorí náà ẹ yọ 316L, irin aláìpẹtà tó wọ́pọ̀, kúrò: bí ooru bá ti kọjá 60°C nínú omi iyọ̀, ó lè sán láìsí H₂S rárá. Duplex 22Cr, irin aláìpẹtà tí kurómíọ̀mù inú rẹ̀ tó 22%, lè gba 10 kPa H₂S. Òótọ́ ni pé 8 kò tíì dé 10, ṣùgbọ́n èmi kò ní fara mọ́ ọn, nítorí pé níbi tí wọ́n bá ti ń fún omi òkun sínú àpáta epo, kòkòrò àìfojúrí lè mú kí H₂S máa pọ̀ sí i bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Super duplex 25Cr, tí kurómíọ̀mù tirẹ̀ tó 25%, ni mo máa mú, torí pé ó lè gba 20 kPa. Bí a bá rí i pé H₂S yóò kọjá ìyẹn, alloy 625, àdàlù tí níkẹ́lì pọ̀ jù nínú rẹ̀, ló kàn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gba ìwé ẹ̀rí ilé iṣẹ́ tó yọ́ irin náà. Kurómíọ̀mù 25%, molybdenum 3.8%, náítírójìn 0.27% ni èyí kọ. Ẹ fi 3.3 sọ molybdenum di púpọ̀, ẹ fi 16 sọ náítírójìn di púpọ̀, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ kurómíọ̀mù. Iye yìí, tí wọ́n ń pè ní PREN, ló ń fi bí irin ṣe lè dènà ìpẹtà hàn: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 42, ó sì gbọ́dọ̀ ju 40 lọ kí irin tó lè gba 20 kPa. Bó bá jẹ́ 39 ni, 10 kPa péré ni irin náà lè gbà, orúkọ yòówù kí wọ́n tẹ̀ sí i lára.