Ẹ Gbé Tépù, Ká Jọ Rìn Ín: Bí Àdúgbò Ṣe Ń Ṣe Ètò Ìdàgbàsókè Tirẹ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Bẹ́ ẹ ṣe ń gbọ́ ohùn mi yìí, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà kan ni mo dúró sí nínú àdúgbò wa n'Ìbàdàn. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, níbí. Àwọn àdúgbò tó múlé tì wá a máa pè mí pé kí n wá bá àwọn ṣe ètò tiwọn, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì máa ń bi mí: "Akọ̀wé, níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀?" Òun ni mo fẹ́ dáhùn lónìí.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé méjì yìí ná. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, ọdún tí mo di akọ̀wé la kọ ọ́, ojú ewé méjì péré. "A fẹ́ títì, a fẹ́ iná, a fẹ́ omi, a fẹ́ ilé ìwòsàn, a fẹ́ ọlọ́pàá." A gbé e lọ sí káńsù, wọ́n fẹ̀rín gbà á, wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó tán síbẹ̀. Ìwé ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Èyí tó wà lọ́wọ́ òsì mi ló jẹ́ ètò: ojú ewé 21, máàpù wà níbẹ̀, iye búlọ́ọ̀kù wà níbẹ̀, kódà orúkọ ilé tó máa gbá gọ́tà lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀. Bá a ṣe ti ọwọ́ ọ̀tún dé ọwọ́ òsì ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn tó ń jókòó. Láyé àtijọ́, lándílọ́ọ̀dù nìkan ló ń wá sípàdé wa, aago méje àárọ̀ Sátidé. Ní aago méje àárọ̀, ìyá elékọ ti wà nídìí ìkòkò, ọlọ́kadà ti wà ní oríta, ayálégbé sì gbà pé ọ̀rọ̀ onílé ni. Bẹ́ẹ̀ ayálégbé ló pọ̀ jù nínú àdúgbò wa, àwọn ni omi ń wọ yàrá wọn. Ohun tá a ṣe ni pé a dáwọ́ pípè wọ́n dúró, àwa gan-an la tọ̀ wọ́n lọ. A jókòó ti ìyá elékọ nídìí ààrò, a lọ bá àwọn ọlọ́kadà lábẹ́ ibùdó wọn, a bá àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn. Ẹni mọ́kànlá la yàn sí ìgbìmọ̀ ètò: ayálégbé mẹ́ta, obìnrin mẹ́rin, ọ̀dọ́ méjì, aṣojú Baálẹ̀, àti bíríkìlà kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi ti bíríkìlà ṣeré, ẹ máa rí i níwájú.

Èrò tèmi ni pé kí alága CDA má tún ṣe alága ìgbìmọ̀ ètò. Bàbá alága tiwa kọ́kọ́ bínú sí mi lórí ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ ọwọ́ wọn ló kún jù, bí wọ́n bá sì ti sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó máa ta kò wọ́n. Ẹ tún rí i pé CDA yín ti forúkọ sílẹ̀ lọ́fíìsì ìdàgbàsókè àwùjọ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Bí kò bá sí sẹ́tífíkéètì yẹn, kò síbi tí wọ́n máa to ìwé yín sí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká rìn. Ẹ má rìn ín nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ o. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo àdúgbò ló dáa lójú. Ẹ dúró di ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, bó bá ti dá báyìí, ẹ wọ bàtà rọ́bà, kí ẹ tẹ̀ lé omi. Níbo ló ti wá? Ta ló dí i lọ́nà? Níbo ló forí lé? Ẹ wo ògiri yìí. Ẹ rí ibi tí ẹrẹ̀ pupa yẹn fàlà sí? Ẹ bá mi fi tépù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 64. Òjò ọdún tó kọjá ló fọwọ́ síbẹ̀. Ní ilé mẹ́ta sísàlẹ̀, ó ti di 80. Irú àmì báyìí ni kí ẹ máa kọ sílẹ̀, ilé sí ilé, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú tépù lára ògiri. Ẹnì kan ní káńsù lè sọ pé ẹ ń sàsọdùn, àmọ́ kò lè bá tépù jiyàn.

Àwa ará Ìbàdàn kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa níbẹ̀rù omi. Àwọn àgbà wa kò tíì gbàgbé omíyalé odò Ògùnpa, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, 1980. Èmi fojú ara mi rí ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, 2011. Oṣù Kẹjọ náà ni méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fáwọn àdúgbò pé kí ìrìn yìí ti parí kí oṣù Keje tó tán.

Lẹ́yìn ìrìn ni máàpù. Ẹ lẹ kádíbọ́ọ̀dù funfun mẹ́rin pọ̀ mọ́ra wọn, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní gbàgede, kí gbogbo èèyàn lè yí i ká. Bí ọmọ yín kan bá mọ kọ̀ǹpútà, kí ó bá yín ya àwòrán àdúgbò jáde láti orí Google Earth, ẹ ó lè fi ṣe ìpìlẹ̀. OpenStreetMap, máàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, náà wà, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè kọ orúkọ òpópónà tirẹ̀ sórí rẹ̀. Nígbà tá a débẹ̀, àdúgbò wa kò ju ilẹ̀ òfìfo lọ lójú rẹ̀. Ẹ fi bírò aláwọ̀ búlúù ya ọ̀nà omi, kí ẹ fi ọfà sí ibi tó kọjú sí. Pupa fún ibi tó ti bàjẹ́. Ẹ gbé bírò fún àwọn ọmọdé náà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ló fi ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kan hàn wá tí àwọn ọmọ iléèwé ń gbà lójoojúmọ́, pákó méjì ni wọ́n fi ṣe afárá ibẹ̀. Kò sí àgbàlagbà kan nínú wa tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ àṣìṣe wa fún yín. Kí a tó ní máàpù kankan, a ti dáwó ṣe gọ́tà lọ́dún kan. Òkè la ti bẹ̀rẹ̀, níwájú ilé àwọn tó dáwó jù. Ó dán, ó mọ́, a pa ewúrẹ́. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, gọ́tà wa gbé gbogbo omi òkè náà, ó rọ́ ọ sórí àdúgbò ìsàlẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn da garawa. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù aṣọ ìyá kan, ó wó ògiri ọgbà kan. Wọ́n pè wá síwájú Baálẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a sanwó ògiri. Bíríkìlà wa wá sọ ohun tí ó yẹ ká ti bi í tẹ́lẹ̀: ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ gọ́tà, níbi tí omi ti ń bọ́ sódò, ni a ó wá máa gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Látìgbà yẹn, kò sí ètò tá a ń ṣe tí àdúgbò tó wà nísàlẹ̀ wa kì í rán ẹni méjì wá jókòó tì wá.

Wàyí o, ìṣòro pọ̀, owó kò tó. Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó máa síwájú? Ẹ má nawọ́ o, nítorí ẹni tó bá lówó ni gbogbo ọwọ́ máa tẹ̀ lé. Àgbàdo la fi ń ṣe tiwa. Ẹ to abọ́ kalẹ̀, abọ́ kọ̀ọ̀kan fún ìṣòro kan, ẹ ya àwòrán rẹ̀ sí i lára kí ẹni tí kò mọ̀wé lè mọ̀ ọ́n. Hóró mẹ́ta fún olúkúlùkù, kí ó jù ú sí abọ́ tó bá wù ú. Hóró funfun fáwọn ọkùnrin, pupa fáwọn obìnrin. Lọ́jọ́ tá a ṣe é, abọ́ tiransífọ́mà kún fún funfun. Abọ́ afárá pákó tí mo ní ọmọ yẹn fi hàn wá, pupa ló kún ibẹ̀, funfun inú rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ. Ilẹ̀ pa rọ́rọ́. Bàbá kan ní, "Ṣé ibi táwọn ọmọ wa ń gbà rèé?" Bí àwọ̀ kan náà la lò ni, a kò ní rí ìyẹn láé.

Bí àgbàdo bá ti yọ márùn-ún tó ga jù, ẹ mú wọn ní méjì-méjì: gọ́tà àbí afárá? Afárá àbí iná? Ìgbà mẹ́wàá péré lẹ máa bi í. Èyí tó bá borí jù ni nọ́ńbà kìíní.

Ẹ pín in lẹ́yìn ìyẹn sí ohun tá a lè ṣe fúnra wa àti ohun tó jẹ́ ti ìjọba, kí ẹ sì mọ ìjọba wo. Níbí ni ọ̀pọ̀ àdúgbò ti ń gbé ẹjọ́ lọ sílé ẹni tí kò kàn. Àfikún Kẹrin nínú Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀: títì àdúgbò, iná òpópónà, gọ́tà, pápá, ọjà, gáréèjì, dída ìdọ̀tí nù, títí dórí fífún òpópónà lórúkọ àti fífún ilé ní nọ́ńbà. Ẹ tẹ ojú ewé yẹn, ẹ fi mọ́ ètò yín. Ọjọ́ 11 oṣù Keje, 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Bóyá ó ń débẹ̀ ni o, bóyá kò débẹ̀, ẹ kúkú gbé ìwé yín lọ bá káńsílọ̀ yín kí wọ́n tó ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀. Bí oṣù Kìíní bá ti wọlé, ẹ ti pẹ́.

Ti tiransífọ́mà, gbólóhùn kan péré: ẹ má dá kọ́bọ̀ kan láìjẹ́ pé ẹ̀yin àti iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ti kọ àdéhùn sílẹ̀. Ọdún 2015 ni NERC, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná, ti gbé ìlànà jáde lórí irú owó báyìí.

Ó kan ìṣirò, ibi tí bíríkìlà wa ti wúlò nìyí. Gọ́tà tí mo dúró tì yìí, mítà 60 ni gígùn rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án, sẹ̀ǹtímítà 45 ni gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ìlà kan máa gbà 134. Ìlà mẹ́ta sókè, 402. Ẹ̀gbẹ́ méjì, 804. Ẹ fi díẹ̀ kún un fún èyí tó máa fọ́, ẹ kọ 845. Kọnkéré ìsàlẹ̀: mítà 60, fífẹ̀ 0.9, nínípọn 0.15, ó jẹ́ mítà kíúbìkì 8.1. Bí a bá pò ó ní ọ̀kan, méjì, mẹ́rin, ìyẹn símẹ́ǹtì, yanrìn, òkúta, mítà kíúbìkì kọ̀ọ̀kan ń jẹ báàgì símẹ́ǹtì mẹ́fà àbọ̀, tó túmọ̀ sí báàgì 53. Èyí tá a máa fi to búlọ́ọ̀kù kò tíì sí nínú rẹ̀ o. Iye ni kí ẹ kọ sínú ètò, ẹ má kọ owó. Owó símẹ́ǹtì á ti yí kí ìwé yín tó dé káńsù. Ẹ kọ owó sórí ìwé ọ̀tọ̀, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀.

Kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀, ẹ ra rọ́bà funfun gígùn tí omi inú rẹ̀ hàn síta, èyí táwọn bíríkìlà fi ń wo lẹ́fẹ́ẹ̀lì. Ẹ bu omi sí i, kí ẹnì kan mú orí kan dúró níbí, kí ẹnì kejì mú orí kejì dúró lọ́hùn-ún. Ibi tí omi dúró sí lápá méjèèjì, ọgbọọgba ni wọ́n wà. Ẹ wọ̀n ọ́n sílẹ̀ láti ibẹ̀, ẹ ó mọ bí ilẹ̀ ṣe dagun tó. A ti rí kọ́ńtírákítọ̀ tó ṣe gọ́tà tí omi rẹ̀ ń padà sẹ́yìn, rọ́bà yìí ló tú u fó.

Ti owó, ẹ má fojú tín-ín-rín ọ̀wẹ̀. Nígbà ètò CSDP, ètò ìdàgbàsókè àwùjọ tí Báǹkì Àgbáyé fowó sí láwọn ìpínlẹ̀ wa láti 2009, àdúgbò fúnra rẹ̀ ló ń kọ ètò, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sì ni ó ń dá nínú owó iṣẹ́, owó tàbí iṣẹ́ ọwọ́. Ilẹ̀ tí wọ́n bá gbẹ́, yanrìn tí wọ́n bá kó, oúnjẹ tí wọ́n bá sè fáwọn òṣìṣẹ́, gbogbo rẹ̀ la lè ṣírò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ sínú ìwé ńlá látòní: orúkọ, ọjọ́, wákàtí. Kò sí èyí tí ẹ máa rántí lọ́dún tó ń bọ̀.

Kí ẹ tó buwọ́ lù ú, ẹ ka gbogbo rẹ̀ sókè ní gbàgede, ní Yorùbá, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ kí wọ́n wá fapá jánú. Tiwa, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ la ní ká là gba ibì kan, ìyá àgbà kan ló sọ pé ojú oórì ọkọ òun ni. A yí i.

Ojú ewé tó gbẹ̀yìn ni mo fẹ́ràn jù, ẹ bá mi sún kámẹ́rà mọ́ ọn. Tábìlì ẹni tó máa gbá gọ́tà ni. Ilé 1 sí 52, ọ̀sẹ̀ kan fún ilé kan. Ilé tó bá fò ó, wọ́n á ka nọ́ńbà rẹ̀ nípàdé, a kì í ka orúkọ, àmọ́ gbogbo èèyàn ló mọ ilé. Ọ̀sẹ̀ yìí, ilé 14 ni.

Ilé tèmi nìyẹn. Ẹ sì rí ojú sánmà lókè yẹn bó ṣe ń ṣú bọ̀. Àbúrò, pa kámẹ́rà yẹn, kó o bá mi gbé ṣọ́bìrì tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.