Ẹ Yé Fi Ẹ̀jẹ̀ Nìkan Dájọ́ Oríkèé Àtọwọ́dá

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ tẹ̀lé òbí yín wá. Ohun tí mo máa ń wí náà ni mo tún fẹ́ wí: bí ìbàdí tàbí orúnkún tí wọ́n fi irin pààrọ̀ bá ń dun èèyàn, ìdí irin náà ni kí ẹ ti wádìí. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ fà lápá ò tó.

Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Staphylococcus epidermidis ń gbé lára awọ gbogbo wa, kì í sì í yọ wá lẹ́nu. Àmọ́ tó bá rí irin, á lẹ̀ mọ́ ọn, á fi nǹkan yíyọ̀ bo ara rẹ̀. Neutrophil, sẹ́ẹ̀lì funfun tó máa ń kọ́kọ́ débẹ̀, á yí i ká, kò ní lè gbé e mì. Ló bá da oró inú ara rẹ̀ síta, oró yẹn sì ń jẹ egungun títí irin á fi máa mì. Èròjà protein tó ń jẹ́ alpha-defensin wà lára ohun tó dà síta, ìdí nìyẹn tó fi ń pọ̀ nínú omi oríkèé. Macrophage, sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn, náà á tú IL-6, èròjà tó ń ránṣẹ́, jáde, IL-6 ló ń mú kí ẹ̀dọ̀ ṣe CRP, protein tí wọ́n máa ń wò nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Àgbọ́sọ ni CRP inú ẹ̀jẹ̀. Bí ìjà ò bá le, ẹ̀dọ̀ ò ní gbọ́, oríkèé sì ti ń bàjẹ́.

Àwọn ọ̀gá kan ní bí ESR, àyẹ̀wò bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe ń yára sọ̀ kalẹ̀, àti CRP ò bá ti ga, irin ló kàn yẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Mi ò gbà fún wọn. Ẹni tí wọ́n bá fi irin tuntun sórí kòkòrò fún, iṣẹ́ abẹ mìíràn ló ń dúró dè é.

Mo fẹ́ bọ́ sórí TLR2, ohun tí sẹ́ẹ̀lì ara fi ń dá kòkòrò mọ̀, nígbà tí ìyá kan nawọ́: “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ní fòníkú-fọ̀ladìde. Wọ́n ti pààrọ̀ ìbàdí rẹ̀, ó ṣì ń ro ó. Wọ́n ní ESR rẹ̀ ò ga.”

Mà, ìbéèrè yín ló yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀. Àìsàn yẹn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé orí egungun itan dáadáa, òun ló ń sọ ọ̀dọ́ di ẹni tó ń gba ìbàdí onírin. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó rí rìbìtì máa ń tò lé ara wọn, wọ́n á yára sọ̀ kalẹ̀, ESR á ga. Èyí tó ti wọ́ nínú àìsàn yẹn ò lè tò. ESR ọmọ yín lè wà nílẹ̀ kí kòkòrò sì wà níbẹ̀. CRP irú wọn sì lè ga láìsí kòkòrò rárá.

Ẹ má sọ pé owó àyẹ̀wò alpha-defensin ò sí. Ẹ fa omi oríkèé, ẹ kán an sójú leukocyte (sẹ́ẹ̀lì funfun) lára strip, ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ fi ń yẹ ìtọ̀ wò, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 2. Bó bá di àwọ̀ àlùkò tó dún, neutrophil ti pọ̀ níbẹ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ bá dà pọ̀ mọ́ ọn, ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yí i kí ẹ̀jẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n ti ń na aago sí mi, ẹ jẹ́ kí n sáré. Nídìí abẹ, ẹ gé ẹran ara tó yí irin ká níbi 5. Lábẹ́ maikirosíkóòpù, neutrophil 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ojú ibi 5, kòkòrò ni. Èérún irin àti ike tó ń họ a máa kó macrophage jọ, kì í sábà kó neutrophil. TLR2, ó di ọjọ́ mìíràn.

Mà, àfi bí ara ọmọ náà bá ti ń gbóná girigiri, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún un ní oògùn apakòkòrò kankan kí wọ́n tó fa omi ìbàdí yẹn.