Ìbọn àti Orin: Fíìmù Tí Ìyá Mi Gbọ́ Láìgbọ́ Faransé

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ẹni tó pè mí wá sọ̀rọ̀ lórí fíìmù àtijọ́ ti kìlọ̀ pé kí n má sọ ọ́ di ìtàn ìgbà èwe mi. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ìyá mi kò gbọ́ Faransé. Bẹ́ẹ̀ Faransé ló kún sinimá tí à ń wò nígbà tí ilẹ̀ wa, Benin, ṣì ń jẹ́ Dàhòmì. Àwọn ará Amẹ́ríkà inú rẹ̀ pàápàá, Faransé ni wọ́n ti fi sí wọn lẹ́nu. Fíìmù tí wọ́n bá ti jókòó ti tábìlì tí wọ́n ń rojọ́, oorun ni ìyá mi fi ń wò ó. Àmọ́ bó bá jẹ́ ti ogun tàbí ti olórin, á la ojú dópin. Ẹni tó ń sá fún ìbọn, ta ni kò mọ ohun tó ń sọ?

Ẹ wo The Bridge on the River Kwai, ti 1957. Ọ̀gá sójà Gẹ̀ẹ́sì kan tó wà lẹ́wọ̀n àwọn ará Japan kọ́ afárá fún ọ̀tá, ó kọ́ ọ dáadáa débi pé nígbà tí àwọn tirẹ̀ wá fọ́ ọ, òun ló fẹ́ dáàbò bò ó. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n súfèé tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń fọn bọ̀ lọ́nà ni àwa ọmọdé mú lọ sílé. A fọn ún títí wọ́n fi fẹgba lé wa, torí ẹ mọ̀ pé a kì í súfèé lálẹ́.

Nínú ti olórin, Singin' in the Rain, ti 1952, ni tèmi. Gene Kelly pa agboòjò dé, ó ń jó nínú òjò bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò sí nílé. Ìtàn rẹ̀ ni pé sinimá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ohùn gbajúmọ̀ òṣèrébìnrin kan kò dáa, wọ́n wá yá ohùn ẹlòmíì fún un. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo tún un wò lágbà: gbogbo àwọn akọni wa, ohùn àyálò ni wọ́n fi bá wa sọ̀rọ̀!

Ohun kan ń dùn mí ṣá. Nínú ogun tí à ń pàtẹ́wọ́ fún yẹn, a ò rí àwọn bàbá wa tí Faransé kó lọ. Ta ni ì bá yà wọ́n? Paulin Soumanou Vieyra, aṣefíìmù tí wọ́n bí sí ìlú yìí ní 1925 (ẹ má jẹ́ kí àwọn ará Dakar ní Senegal gbà á mọ́ wa lọ́wọ́), òfin amúnisìn ò jẹ́ kó ya fíìmù ní Áfíríkà. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ya fíìmù Afrique-sur-Seine ní Paris ní 1955. Ó di 1988 kí Sembène Ousmane àti Thierno Faty Sow tó gbé Camp de Thiaroye jáde, lórí àwọn sójà dúdú tí Faransé yìnbọn pa nítòsí Dakar ní 1944, torí wọ́n béèrè owó wọn.

Fíìmù kan wà tí ogun àti orin ti pàdé: Les Parapluies de Cherbourg, ti Jacques Demy, 1964. Orin ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, títí kan ti ẹni tó ń ta epo mọ́tò. Wọ́n mú ọmọkùnrin kan lọ sógun Àlgéríà, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sì fẹ́ ẹlòmíì. A ò gbúròó ìbọn kankan.

Mo fi fíìmù náà han bàbá kan ní Ouando, ládùúgbò wa níbí, tó ti ṣe sójà Faransé ní Àlgéríà. Nígbà tí ọmọkùnrin náà padà dé, tó ń tiro, bàbá ní, "Ibi tó ti ṣèṣe dà? Wọn ò fi hàn wá." Mo ní kò sí níbẹ̀. Ó dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní kí n dá a padà síbi tí àwọn méjèèjì ti dágbére ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ẹ̀ẹ̀mẹta la wò ó.