Ẹ Wo Bọ́ọ̀lù Tí Wọn Ò Gbá

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ fojú inú wo èyí. Nínú eré kríkẹ́ẹ̀tì, alábáàtì dúró síwájú igi mẹ́ta tó ń dáàbò bò, bọ́ọ̀lù ń bọ̀ kíkan-kíkan, ó gbé báàtì sókè, ó káwọ́ mọ́ra, ó jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kọjá lọ. Kò gbá a. Ẹni tó ń ṣọ́ igi lẹ́yìn ló gbá a mú. Kò sí rọ́ọ̀nù kankan, ìyẹn máàkì tí wọ́n ń kà fún un. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń wo kríkẹ́ẹ̀tì, ibi yìí gan-an ni mo ti máa ń bínú. Màá máa pariwo mọ́ tẹlifíṣọ̀n pé, "Gbá a nàá! Kí lo wá ṣe níbẹ̀?" Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èmi ni mi ò mọ ohun tí mò ń wò.

Mi ò ní ṣàlàyé báàtì fún yín lónìí, mi ò sì ní máa ka igi mẹ́ta. Ẹ ti mọ ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò ni bí a ṣe ń mọ ẹni tó tayọ, tó sì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́dún dé ọdún.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìpíndọ́gba. Àh! Ibí ni gbogbo ayé ti ń ṣì í. Ẹ gba kálámù. Virat Kohli, ọmọ Íńdíà, láti 2011 títí di 2025: eré Test (eré ọlọ́jọ́ márùn-ún láàárín orílẹ̀-èdè méjì) 123, rọ́ọ̀nù 9,230. Ìgbà 210 ló wọlé wá gbá. Ó yá, kí ni ìpíndọ́gba rẹ̀? Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń pín 9,230 sí ọ̀nà 123, ó ti rí 75, inú ẹ̀ ti ń dùn. Rárá o! Ẹlòmíì pín in sí 210, ó kù díẹ̀ kó pé 44. Rárá náà ni! Iye ìgbà tí wọ́n YỌ Ọ́ la fi ń pín in, ìyẹn ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá igi rẹ̀, tàbí tí wọ́n gbá èyí tó kan báàtì rẹ̀ mú, tó sì ní láti jáde. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ ṣì máa bi mí: IYE ÌGBÀ TÍ WỌ́N YỌ Ọ́. Ìgbà 13 wà tó wọlé tí wọn ò rí i yọ. Ẹ mú 13 kúrò nínú 210, ó ku 197. Ẹ wá pín 9,230 sí 197. Ó di 46.85. Ó parí.

Don Bradman ti Ọsirélíà, 6,996 rọ́ọ̀nù, ìgbà 70 ni wọ́n yọ ọ́, 99.94. Ní 1948, nígbà ìkẹyìn tó wọlé, rọ́ọ̀nù mẹ́rin péré ló ń wá kí ìpíndọ́gba rẹ̀ lè pé 100. Òdo ló gbá. Ẹni tó bá kọjá 50 láyé òde òní, àgbà ni, kò sẹ́ni tó sún mọ́ Bradman.

Ó dáa, kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbà tí wọ́n yọ ọ́ la fi ń pín in, tí kì í ṣe ìgbà tó wọlé? Àfiwé tí mo fẹ́ràn jù rè é, ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí kó mójú kúrò. Agbábọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lè fi góòlù ṣòfò ní ìṣẹ́jú kẹta, kó tún fi òmíràn ṣòfò ní ìṣẹ́jú ogójì, kó wá gbá ọ̀kan wọlé lópin eré, kí wọ́n gbé e sókè. Alábáàtì ńkọ́? Ẹ ronú nípa ìdánwò kan tí olùkọ́ dúró tì ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó o bá ti ṣi ìbéèrè kan péré, ó gba ìwé lọ́wọ́ ẹ, ó ní kó o máa lọ. Ìbéèrè kìíní ni o, igba ni o, kò kàn án. Àṣìṣe kan, o ti jáde nìyẹn! Ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀lù tí alábáàtì fi sílẹ̀ fi jẹ́ iṣẹ́. Ó wo ìbéèrè, ó rí i pé ẹ̀tàn ni, kò dáhùn.

Kíá, kí n tó gbàgbé: tàwọn ajubọ́ọ̀lù yàtọ̀. Rọ́ọ̀nù tí wọ́n gbá lórí wọn la pín sí iye èèyàn tí wọ́n yọ, torí náà KÉKERÉ LÓ DÁRA. Kékeré! Nígbà tí Jasprit Bumrah ti Íńdíà yọ ẹni igba rẹ̀ ní Melbourne lóṣù Kejìlá 2024, ìpíndọ́gba rẹ̀ ò tó 20. Kò tíì sẹ́ni tó ṣe irú ẹ̀ rí nínú Test, pé kó pé igba kí tiẹ̀ sì wà lábẹ́ 20. Ẹ má wá sọ fún mi pé 20 kéré sí 46 o. Mo ti rí irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ibi tó dùn là ń lọ. Ẹ padà sọ́dọ̀ Kohli. Ní 2014, wọ́n lọ gbá Test márùn-ún nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wọlé ní ìgbà mẹ́wàá. Rọ́ọ̀nù 134 lápapọ̀! Ìpíndọ́gba 13.40. James Anderson, ajubọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nìkan yọ ọ́ nígbà mẹ́rin. Ẹ wo ohun tí Anderson ń ṣe. Ó fi ìka méjì lé ojú ibi tí wọ́n ti rán bọ́ọ̀lù náà; ẹ̀gbẹ́ kan ń dán torí wọ́n ń nù ún mọ́ ṣòkòtò, ẹ̀gbẹ́ kejì ti gbó. Bọ́ọ̀lù á forí lé igi, báàtì á tọ̀ ọ́ lọ, àfi kó rọra yà kúrò lójú ọ̀nà nígbẹ̀yìn. Etí báàtì á rà á, ẹni tó lóṣòó sẹ́yìn á gbá a mú. O dìgbà!

Ọdún mẹ́rin kọjá. 2018, ilẹ̀ kan náà, Anderson kan náà. Kohli ti sún síwájú níbi tó ń dúró sí, kó lè pàdé bọ́ọ̀lù kó tó ráyè yà. Ó sì ń FI SÍLẸ̀. Bọ́ọ̀lù kan, ó fi sílẹ̀. Òmíràn, ó fi sílẹ̀. Ní pápá Edgbaston, nígbà tó wà lórí rọ́ọ̀nù 21, Anderson rí etí báàtì rẹ̀, ẹni tó yẹ kó mú un jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́. Kohli gbá a dé 149. Ẹni tó tẹ̀ lé e nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà yẹn, 26 ló rí. Ní gbogbo Test márààrún, rọ́ọ̀nù 593. Anderson yọ èèyàn 24 nínú ìdíje yẹn, òun ló yọ èèyàn jù, síbẹ̀ kò yọ Kohli rárá, kódà lẹ́ẹ̀kan. Kódà lẹ́ẹ̀kan o! Íńdíà fìdí rẹmi, 4 sí 1, àmọ́ ìjà àwọn méjèèjì yẹn, mo ti wò ó tó ìgbà mẹ́wàá.

Kohli náà sì gbẹ lẹ́yìn ìyẹn o. Láti oṣù Kọkànlá 2019 títí di oṣù Kẹsàn-án 2022, kò gbá rọ́ọ̀nù tó pé ọgọ́rùn-ún nígbà kan tó wọlé nínú eré orílẹ̀-èdè kankan. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọjọ́! Wọ́n ní ó ti tán. Oṣù Kọkànlá 2023, ó gbá ọgọ́rùn-ún tó pé àádọ́ta nínú eré ọlọ́jọ́ kan, ó kọjá 49 ti Sachin Tendulkar, ọmọ Íńdíà bíi tiẹ̀. Tendulkar fúnra rẹ̀ wà níjòókòó ní pápá Wankhede lọ́jọ́ náà.

Ẹ ò sì gbọdọ̀ fojú fo Mithali Raj, alábáàtì nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ fún Íńdíà ní 1999, ó gbá 114 lórí Ireland lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọn ò rí i yọ. Ó gbá a títí di 2022: rọ́ọ̀nù 7,805 nínú eré ọlọ́jọ́ kan. Ní 2017, ó kọjá àádọ́ta ní ìgbà méje léra wọn. Méje léra wọn! Pat Cummins, ajubọ́ọ̀lù, ńkọ́? Ó bọ́ sínú Test fún Ọsirélíà lọ́mọ ọdún 18 ní 2011, ara rẹ̀ dá a dúró, kò tún gbá Test mìíràn títí di 2017. Ní 2023, òun ni kápùtẹ́nì tó gba ife àgbáyé.

Anderson ni màá fi kádìí ẹ̀, torí òun ni mo fẹ́ràn jù, mi ò fi bò. 2003 ló bẹ̀rẹ̀ Test ní pápá Lord's, Lord's náà ló parí sí lóṣù Keje 2024, lọ́mọ ọdún 41. Test 188. Bọ́ọ̀lù 40,037 ló jù. Ẹ ronú nípa eékún yẹn! Kò sí ajubọ́ọ̀lù eléré sísá mìíràn tó ju bọ́ọ̀lù tó tó ẹgbàá lọ́nà ogún rí nínú Test. Àárọ̀ ọjọ́ tó parí yẹn, ó ju bọ́ọ̀lù sí Gudakesh Motie ti West Indies, ẹni yẹn gbá a padà tààrà sí i, bọ́ọ̀lù rírọ̀, ọwọ́ ló kàn fẹ́ nà. Ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó padà lọ síbi tó ti máa ń sáré bọ̀, ó tún ju òmíràn. Ìdí tí iye èèyàn tó yọ nínú Test fi jẹ́ 704 nìyẹn, tí kò fi jẹ́ 705.