Baltimore: Káúńtì Ló Kọ́kọ́ Wà Kí Ìlú Tó Dé

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa nílé àti lókè òkun. Ọ̀rọ̀ Baltimore ni mo fẹ́ ká gbé yẹ̀wò lónìí, torí ọ̀pọ̀ wa tó ń gbé ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà ni kò mọ̀ pé ìjọba méjì ló ń jẹ́ orúkọ yẹn, ìlú kan àti káúńtì kan (káúńtì dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa), tí ọ̀kan kò sì sí lábẹ́ èkejì.

Káúńtì ló dàgbà jù. Ó ti wà láti nǹkan bí 1659, nígbà tí Maryland ṣì jẹ́ ohun ìní ìdílé Calvert, àwọn tó ń jẹ oyè Lord Baltimore. Ní 1652 ni àwọn Susquehannock, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ti tọwọ́ bọ àdéhùn tí ilẹ̀ náà fi bọ́ sọ́wọ́ òyìnbó. Kò sí ìlú gidi níbẹ̀. Oko tábà ló wà káàkiri, ọkọ̀ á sì gba orí odò wá kó tábà lẹ́nu ọ̀nà olóko. Kí ni irú wọn fẹ́ fi ìlú ṣe?

Àádọ́rin ọdún kọjá kí ilé aṣòfin tó ṣòfin ìlú Baltimore ní 1729. Ilẹ̀ John Moale ni wọ́n kọ́kọ́ fojú sí, ṣùgbọ́n ó gbà pé irin wà nínú ilẹ̀ náà, ló bá sáré lọ bá àwọn aṣòfin kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n ṣe yà sọ́dọ̀ Daniel àti Charles Carroll nìyẹn. Éékà 60 ni wọ́n rà, éékà kan ní 40 ṣílè. Tábà ni wọ́n fi san án, ìwọ̀n pọ́n-ùn kan fún pẹ́nì kan. Pẹ́nì 12 ló wà nínú ṣílè kan, ẹ ṣírò ó: 480 pọ́n-ùn tábà fún éékà kan, 28,800 lápapọ̀. Ta ló gbin tábà yẹn? Àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ oko, pẹ̀lú àwọn òyìnbó ìwọ̀fà. Ìgbò àti àwọn ará Senegambia pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó wá sí Chesapeake, agbègbè tí Maryland wà. Brazil àti Cuba ni wọ́n kó Yorùbá lọ jù. Ó yẹ kí orúkọ àwọn tó gbin tábà yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Carroll, mo sì ń sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Awọnlẹ̀ pín ilẹ̀ náà sí pulọ́ọ̀tì 60. Ẹni tó bá gba ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ́lé tó gba 400 ẹsẹ̀ bàtà níbùú-lóròó láàárín oṣù 18, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ ìlú kò tètè dìde: ní 1752, nǹkan bí ilé 25 péré ló wà níbẹ̀. Ẹrọ̀fọ̀ yí i ká, omi iwájú rẹ̀ kò sì jìn. Fells Point, èbúté kan nítòsí, ni ọkọ̀ ńlá ń gúnlẹ̀ sí. Òwò ìyẹ̀fun àlìkámà ló gbé e dìde, torí omi odò Jones Falls lágbára tó láti yí ọlọ.

Joppa ni olú-ìlú káúńtì nígbà náà. Igbó tí wọ́n ṣán dáná fún oko tábà jẹ́ kí òjò máa wọ́ ilẹ̀ sínú odò Gunpowder, èbúté Joppa sì dí. Ní 1768, kóòtù kó lọ sí Baltimore.

Òfin 1851 ló wá ya ìlú kúrò lára káúńtì. Towson di olú-ìlú káúńtì ní 1854. Ìlú gba ilẹ̀ káúńtì kún tirẹ̀ títí di 1918, àtúnṣe òfin 1948 sì sé ọ̀nà náà pa. Ìyẹn ni owó orí ilé ṣe yàtọ̀: lẹ́nu ọdún àìpẹ́ yìí, 2.248 dọ́là lórí 100 dọ́là iye ilé nínú ìlú, 1.10 ní káúńtì. Àdírẹ́sì lè pe Baltimore kí ilé sì wà ní káúńtì, ẹ wádìí kẹ́ ẹ tó rà. Ẹni tó bá sì ń wá ìwé ilẹ̀ inú ìlú tó ṣáájú 1851, àkọsílẹ̀ káúńtì ni kó yẹ̀ wò, ní ilé àkójọ ìwé ìjọba Maryland ní Annapolis.