Ohun tójú 26th North Carolina rí ní Gettysburg

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà la wà lórí ẹ̀ lónìí, régímẹ́ǹtì kan báyìí, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan, ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, 26th North Carolina, àwọn ará Gúúsù tó ń bá Àríwá jà.

1861 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Zebulon Vance ló kọ́kọ́ jẹ́ kọ́nẹ́ẹ̀lì wọn, ìgbà tó wọlé ìbò gómìnà lọ́dún 1862, ni wọ́n bá gbé ipò náà fún Henry Burgwyn, ọmọ ogún ọdún péré! Ilé olówó ni wọ́n bí i sí o. Bàbá ẹ̀ ní oko ńlá, àwọn ẹrú, àtọmọdọ́mọ Áfíríkà, ló sì ń ṣiṣẹ́ ibẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí pé nítorí ẹrú ni Gúúsù ṣe ya kúrò lára Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni tó bá ní nǹkan míì ni, irọ́ ló ń pa.

Ó wá di July 1, 1863, ní Gettysburg, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Wọ́n lé ní 800. Odò kékeré kan wà níwájú wọn, Willoughby Run, ẹ̀gún kún etí ẹ̀, 24th Michigan, régímẹ́ǹtì àwọn ará Àríwá, sì ń dúró dè wọ́n nínú igbó lódìkejì. Ẹ rántí pé kò sí rédíò nígbà yẹn, èéfín ti bo gbogbo ibẹ̀, ariwo ìbọn ò jẹ́ kéèyàn gbọ́ àṣẹ, àsíá ni wọ́n ń wò, ibi tó bá lọ ni wọ́n ń lọ. Àwọn ọ̀tá náà mọ̀, ẹni tó bá gbé e ni wọ́n ń yìn lu. Eléyìí ṣubú, ìkejì gbé e, òun náà ṣubú, wọ́n lé ní mẹ́wàá tí ìbọn bà nídìí àsíá yẹn! Burgwyn fúnra ẹ̀ gbé e, ibi tó ti ń gbé e fún ẹlòmíì lọ́ta ti bà á, ó kú. John Lane, igbákejì ẹ̀, tún gbé e, ọta wọ ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀, ó gba ẹnu jáde, àmọ́ kò kú.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta ìjà náà, July 3, wọ́n tún kó àwọn tó ṣẹ́ kù lọ bá ìbọn ńlá lórí pápá gbalasa. Ìwà ìkà gbáà nìyẹn lójú tèmi. Nígbà tó máa parí, nínú èèyàn márùn-ún, bíi mẹ́rin ló ti kú, fara gbọgbẹ́ tàbí kó sọ́wọ́ ọ̀tá.

Lane padà di kọ́nẹ́ẹ̀lì wọn. Lọ́dún 1903, òun àti Charles McConnell, ọmọ Michigan tó yìnbọn fún un, bọ ara wọn lọ́wọ́ ní Gettysburg.

April 1865 làwọn tó kù túúbá ní Appomattox, ní ìpínlẹ̀ Virginia. Kí ọdún yẹn tó parí, òfin ti dá gbogbo ẹrú Amẹ́ríkà sílẹ̀.