Bí A Ò Bá Rí Àdán: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni Tí Ìmísí Ń Pẹ́ Dé Bá

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ̀yin ayàwòrán, ẹ̀yin olórin, mo kí yín, ẹ kú ìkàlẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ ohun tó yẹ kí oníṣẹ́ ọnà ṣe bó bá jókòó tí ìmísí kọ̀ tí kò dé. Ìdáhùn mi kò gùn: kó ṣe èyí tí kò dára tó. Bí a ò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Àlàyé rẹ̀ ló gba àkókò.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Òǹkọ̀wé kọ gbólóhùn kan, ó kà á, ó pa á rẹ́. Ó kọ òmíràn, ó tún pa ìyẹn náà rẹ́. Ilẹ̀ ṣú, ojú ìwé ṣì funfun báláú, ó ní ìmísí ò dé. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé o, òun ló ń lé e padà kó tó ráyè jókòó.

Ká ní ìtàn obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ kò wálé ló ń kọ. Ohun tó sọ sí i lọ́kàn ni: “Òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, inú obìnrin náà sì bàjẹ́ gan-an.” Kò níyọ̀ rárá. Bó bá pa á rẹ́, ó parí nìyẹn. Àmọ́ bó bá fi í sílẹ̀ tó ń kọ ìtàn lọ, tó wá padà wò ó lọ́jọ́ kejì, á rí i pé òjò ò ṣe nǹkan kan. “Inú bàjẹ́” yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́, torí ó ń sọ fún òǹkàwé ohun tó yẹ kí òǹkàwé fojú ara rẹ̀ rí. Á wá kọ ọ́ báyìí: “Òjò rọ̀ títí di ìdájí. Obìnrin náà kò kúrò lójú fèrèsé.” Ibo ni ì bá ti rí èyí ká ní ó ti pa ti àkọ́kọ́ rẹ́?

Anthony Trollope, òǹkọ̀wé ará Ìlú Ọba, ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láàárọ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́, á gbé aago síwájú, á sì máa fojú sun 250 ọ̀rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15. Ìwé ìtàn-àròsọ 47 ló kọ. Gbogbo wọn ò lè dọ́gba, ta ló retí pé kí wọ́n dọ́gba? Tchaikovsky, ará Rọ́ṣíà tó ń kọ orin, náà sọ ọ́ nínú lẹ́tà tó kọ sí Nadezhda von Meck, obìnrin olówó tó ń ṣonígbọ̀wọ́ rẹ̀, ní 1878 pé ìmísí kì í fẹ́ yà sọ́dọ̀ ọ̀lẹ.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti Keith Jarrett, olórin jáàsì ará Amẹ́ríkà tó ń tẹ dùùrù. Ní January 24, 1975, ó fẹ́ tẹ dùùrù ní ilé eré ńlá ìlú Cologne, ní Jámánì. Èyí tó béèrè fún kọ́ ló bá níbẹ̀: dùùrù náà kéré, ohùn òkè rẹ̀ há, ti ìsàlẹ̀ kò rinlẹ̀. Ẹ̀yìn tún ń ro ó. Díẹ̀ ló kù kó má ṣeré náà. Nígbà tó jókòó, àárín dùùrù ló dúró sí jù, ó sì ń fi ọwọ́ òsì tẹ orin kan náà ní àtẹ̀túntẹ̀ kí ìsàlẹ̀ lè kún. Ohun tí a fẹ́ràn nínú orin yẹn, àléébù dùùrù wà lára ohun tó bí i. Àwo orin tí wọ́n fi eré náà ṣe tà ju mílíọ̀nù 3 lọ.

N kò sọ pé kí ẹ gbé iṣẹ́ játijàti fáráyé o. Ẹni tí àárẹ̀ mú tàbí tó ń ṣọ̀fọ̀, kó lọ sinmi. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmísí. Ẹ̀yin tí ara yín le ni mò ń bá wí. Ẹ dá ìwọ̀n kékeré fún ara yín lójúmọ́, ẹ má sì ka ti àná kí ẹ tó kọ tòní tán. Ẹ dá ọjọ́ tí iṣẹ́ náà máa kúrò lọ́wọ́ yín. Bí ọjọ́ yẹn bá pé, bó ti wù kó rí, ẹ gbé e fún ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ ní kó fi lẹ́ẹ̀dì sàmì síbi tó ti sú u.